Ṣé owó yín á rí ọ̀nà jáde? Ohun tó yẹ kí olókòwò yẹ̀ wò kó tó wọ ilẹ̀ òkèèrè

Láti ọdún 2003 ni Báńkì Àgbáyé ti ń gbé ìwé kan jáde lọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní Doing Business. Nígbà tó yá, orílẹ̀-èdè 190 ló ń wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn: ibi tí okòwò ti rọrùn jù lọ á wà lókè, ibi tó ti le jù lọ á wà nísàlẹ̀. Olókòwò tó bá ń rò ó bóyá kóun lọ sí ilẹ̀ kan tàbí kóun má lọ á ṣí ìwé náà, á wo ipò tí wọ́n to ilẹ̀ ọ̀hún sí, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn ìjọba pàápàá ń tìtorí ipò yẹn tún òfin wọn ṣe. Àfi bó ṣe di ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 tí Báńkì Àgbáyé ní àwọn ò ṣe é mọ́. Ìwádìí ti fi hàn pé wọ́n ti fọwọ́ kan àwọn dátà kan nínú ẹ̀dà 2018 àti ẹ̀dà 2020, èyí tó kan Ṣáínà, Sáúdí Arébíà, United Arab Emirates àti Azerbaijan. Ipò 85 ló yẹ kí Ṣáínà wà nínú ẹ̀dà 2018, ipò 78 ni wọ́n tò ó sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì di ìtàn àtijọ́. Látìgbà tí Amẹ́ríkà ti kéde owó ibodè tuntun lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé iṣẹ́ ńlá àti kékeré ló ń wá ọjà tuntun kiri. Owó ibodè tí Amẹ́ríkà ń gbà lórí ọjà Ṣáínà gùnkè dé ìdá 145 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì já wálẹ̀ sí ìdá 30 kí oṣù Karùn-ún tó dé ìdajì. Ẹni tó jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló ń tajà sí ti wá rí i pé ilẹ̀ lè mọ́ kí gbogbo ìṣirò òun ti dàrú. Nítorí náà, ìbéèrè tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ olókòwò báyìí ni pé, ilẹ̀ wo ló kù tá a lè lọ? Èrò tèmi ni pé ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn: bá a bá débẹ̀ tọ́rọ̀ ò rí bá a ṣe rò, báwo la ṣe máa jáde, báwo lowó wa ṣe máa jáde?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìdí tí nọ́ńbà kan ò fi lè sọ bí ilẹ̀ kan ṣe rí. Nínú ẹ̀dà 2015 ìwé tí mo sọ yẹn, ipò 142 ni Íńdíà wà. Nígbà tó fi máa di ẹ̀dà 2020, ó ti gòkè dé ipò 63. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà 2020 kan náà, tó bá di ti bí ilé ẹjọ́ ṣe ń mú káwọn èèyàn mú àdéhùn ṣẹ, ipò 163 ni Íńdíà wà. Ọjọ́ 1,445 ni wọ́n ní ó máa ń gbà kí ẹjọ́ okòwò tó parí, ó kù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́rin. Tó bá jẹ́ àwìn lẹ máa ń tajà fún àwọn alátagbà, nọ́ńbà 63 ò ṣe yín láǹfààní kankan, 1,445 ni tiyín. Tó bá sì jẹ́ ohun tí oníbàárà ń sanwó rẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbà á lẹ̀ ń tà, 1,445 ò ní fi bẹ́ẹ̀ kàn yín, nǹkan míì ló máa kàn yín. Ilẹ̀ kan náà ni, òfin kan náà ni, ṣùgbọ́n bó ṣe rí fún ẹnì kìíní kọ́ ló rí fún ẹnì kejì. Ẹni tí ò bá tíì mọ ohun tóun fẹ́ tà, ẹni tóun fẹ́ tà á fún àti bí owó ṣe máa wọlé, kò tíì lè yẹ ilẹ̀ kankan wò.

Ohun tí Báńkì Àgbáyé fi rọ́pò ìwé àtijọ́ yẹn, B-READY, jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, orílẹ̀-èdè 50 ló sì kọ́kọ́ kó mọ́ra. Mo fẹ́ràn ọ̀nà tó gbà, torí ó ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: ohun tí òfin sọ, iṣẹ́ tí ìjọba ń ṣe kí òfin náà lè ṣeé tẹ̀lé, àti bí nǹkan ṣe ń rí fún àwọn ilé iṣẹ́ gan-an. Ohun tó hàn nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ náà ni pé òfin àwọn orílẹ̀-èdè máa ń dáa ju iṣẹ́ tó yẹ kó gbé e ró lọ. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé èèyàn lè forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹni tó máa fọwọ́ sí i kò sí lórí ìjókòó. Àárín òfin àti ìṣe yìí lowó àlejò máa ń há sí jù.

Ìtàn Walmart, ilé iṣẹ́ ìtajà ńlá ti Amẹ́ríkà, ní Jámánì ni mo fẹ́ ká jókòó tì díẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa ní Jámánì kì í ṣe ibi tó dáa fún okòwò. Òfin wà, ilé ẹjọ́ ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà dán, owó sì wà lọ́wọ́ aráàlú. Lápá ìparí ọdún 1997, Walmart ra ilé ìtajà 21 tó jẹ́ ti Wertkauf. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fi 74 tó jẹ́ ti Interspar kún un. Ohun tó sọ ọ́ di ńlá ní Amẹ́ríkà ló dì lẹ́rù lọ síbẹ̀: ọjà tó pọ̀ tó sì pọ́ọ́kú, ilé ìtajà tó ń ṣí tọ̀sán tòru, òṣìṣẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín kí oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà, àti ẹni tó ń bá oníbàárà kó ẹrù sínú àpò.

Ẹ wá wò ó nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Òfin Jámánì nígbà náà ni pé kí ilé ìtajà tì ní aago mẹ́jọ alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Sátidé, kò sì sí títà lọ́jọ́ Àìkú. Bí títajà tọ̀sán tòru ṣe wọgbẹ́ nìyẹn. Ti ọjà pọ́ọ́kú ńkọ́? Aldi àti Lidl, àwọn ilé ìtajà tó jẹ́ ti Jámánì, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe ju àlejò lọ. Kí Walmart lè borí wọn, àfi kó tún já owó wálẹ̀ sí i. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, àjọ tó ń rí sí ìdíje okòwò ní Jámánì pàṣẹ fún un, àti fún Aldi Nord àti Lidl, pé kí wọ́n gbówó lé mílíìkì, bọ́tà, ṣúgà àti ìyẹ̀fun, torí wọ́n ń tà wọ́n sí iye tó kéré sí iye tí wọ́n fi rà wọ́n, òfin ò sì gbà bẹ́ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ńlá. Ọjà tí Walmart fi ń pe oníbàárà wọlé gan-an nìyẹn. Ẹ̀rín ẹnu ọ̀nà yẹn náà, ara ọ̀pọ̀ oníbàárà ò balẹ̀ sí i, wọn ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa bá wọn fọwọ́ kan ohun tí wọ́n rà. Lọ́dún 2005, ilé ẹjọ́ tún wọ́gi lé apá kan nínú ìlànà tí ilé iṣẹ́ náà ṣe fáwọn òṣìṣẹ́, èyí tó dá sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárín wọn. Nígbà tó di 2006, Walmart ta ilé ìtajà 85 tó ṣẹ́ kù fún Metro, ilé iṣẹ́ ìtajà kan ní Jámánì, ó sì forí lé ilé. Àdánù tó kọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là.

Òfin àkókò títì wà nílẹ̀ kí Walmart tó dé. Aldi náà wà nílẹ̀. Òfin tó ń dẹ́kun títa ọjà sísàlẹ̀ iye tí wọ́n rà á ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1999, ó bá a nínú ilé. Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ pé wíwo òfin tó wà nílẹ̀ ò tó. Ó yẹ ká bèèrè òfin tí wọ́n ń jiyàn lé lórí nílé aṣòfin, ká sì mọ ẹni tó máa ṣe láǹfààní.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ìgbà tí ibi tá à ń lọ bá sì jọ ilé ni ojú wa máa ń fọ́ jù. Target, ilé iṣẹ́ ìtajà Amẹ́ríkà kan tó lọ sí Kánádà, rò pé ẹnu ọ̀nà lòun ń lọ: èdè kan náà, ibodè kan náà, àwọn ará Kánádà sì ti ń wọ Amẹ́ríkà wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ilé ìtajà àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2013. Orí pẹpẹ ṣófo nítorí pé dátà ọjà ò péye, owó ọjà sì ga ju ohun táwọn èèyàn mọ̀ sí tirẹ̀ ní ìkọjá ibodè. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015 ló kéde pé òun ń kúrò, ilé ìtajà 133 àti òṣìṣẹ́ tó lé ní 17,000 lọ̀rọ̀ náà kàn. Pankaj Ghemawat, ọ̀mọ̀wé nípa okòwò àgbáyé, ti là á sílẹ̀ pé jíjìnnà orílẹ̀-èdè méjì síra kì í ṣe ti máìlì nìkan. Àṣà lè jìn, òfin àti ìṣèlú lè jìn, bí àwọn èèyàn ṣe lówó lọ́wọ́ sí náà lè jìn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí sí jù. Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Owó tó lọ sájò náà ńkọ́?

Ní Venezuela, ní nǹkan bí ọdún 2013, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ òkèèrè ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bó ṣe yẹ. Èrò ń wọkọ̀, ìwé ìṣirò ń fi èrè hàn. Bolívar, owó ilẹ̀ náà, ni wọ́n fi ń san án. Kí bolívar tó di dọ́là, ìjọba gbọ́dọ̀ fàṣẹ sí i, ìjọba ò sì fàṣẹ sí i. Nígbà tó fi máa di 2014, owó tó há síbẹ̀ ti lé ní bílíọ̀nù 3.5 dọ́là. Bó ṣe jókòó sí báńkì yẹn ni bolívar ń já lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé owó tí wọ́n kà sí èrè lọ́dún kan ń yọ́ bí òrí. Air Canada dáwọ́ ìrìn àjò síbẹ̀ dúró lọ́dún 2014, Lufthansa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2016. Ọjà wọn tà, oníbàárà wọn sanwó, síbẹ̀ wọn ò rówó gbé lọ sílé. Kò sí ìwádìí lórí iye èèyàn tó fẹ́ rajà tó lè fi èyí hàn yín.

Ti Etiópíà yàtọ̀ síyẹn. Safaricom, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ti Kẹ́ńyà, àtàwọn alábàáṣe rẹ̀ san mílíọ̀nù 850 dọ́là fún ìwé àṣẹ tẹlifóònù lọ́dún 2021, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Lọ́jọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba ní kí ọjà máa fúnra rẹ̀ pinnu iye tí birr, owó ilẹ̀ wọn, máa jẹ́. Dọ́là kan tó ń lọ ní nǹkan bíi birr 57 kọjá 100 láàárín oṣù díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìpinnu tó dáa ni fún ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi dọ́là ra ẹ̀rọ tó sì ń fi birr gbowó mọ ibi tó ti dùn ún. Nínú irú ilẹ̀ báyìí, iye dọ́là tó wà nínú àpamọ́ báńkì àpapọ̀ wọn, àti àlàfo tó wà láàárín iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là àti iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ ní ìta, ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bí àlàfo náà bá fẹ̀, ẹ jẹ́ kó dá yín lójú pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí owó yẹn máa já lójijì.

Èyí tó wá le jù ni ti ilẹ̀ tó tì yín mọ́lé. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022, Renault, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti Faransé, ta ìpín tó ní nínú AvtoVAZ, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Rọ́ṣíà, ìpín tó ju ìdajì ilé iṣẹ́ náà lọ. Iye tí ìròyìn sọ pé ó gbà ni rúbù kan ṣoṣo. Ó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun lè rà á padà láàárín ọdún mẹ́fà. Carlsberg ti rí ẹni tó máa ra ilé iṣẹ́ ọtí rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ní oṣù Keje, àṣẹ ààrẹ jáde, ìjọba gba ìdarí ilé iṣẹ́ náà, tòun ti Danone, ilé iṣẹ́ oúnjẹ ti Faransé. Ogun kì í ṣe ohun tẹ́nì kan lè fi ọjọ́ sí. Àmọ́ bí òfin ilẹ̀ kan bá ti fi agbára gbogbo sọ́wọ́ ẹnì kan, tí ilé ẹjọ́ ò lè dá a dúró, ìyẹn ṣeé rí kógun tó dé.

Ilé ẹjọ́ pàápàá lè dá yín láre kí ọwọ́ yín má tíì tẹ ẹ̀tọ́ yín. Vodafone, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ra ìpín ńlá nínú ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Íńdíà lọ́dún 2007, ó tó bílíọ̀nù 11 dọ́là, erékùṣù Cayman ni wọ́n sì ti ṣe é. Àwọn agbowó orí ní kó sanwó orí. Ó di ẹjọ́, ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ilé ẹjọ́ sì dá Vodafone láre ní oṣù Kìíní ọdún 2012. Kí ọdún náà tó dé àárín, wọ́n ti tún òfin ṣe, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé láti ọdún 1962 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìlàjà tó jókòó ní The Hague dá a láre lọ́dún 2020, Íńdíà sì fagi lé òfin náà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko. Gbogbo ìgbà tí Íńdíà ń gòkè láti ipò 142 dé ipò 63 ni ẹjọ́ yìí fi wà nílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń yẹ ilẹ̀ kan wò, ẹ bèèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ibẹ̀ bóyá wọ́n ti gbé òfin owó orí padà sẹ́yìn rí. Ẹ tún bèèrè bóyá ilẹ̀ náà wà nínú àdéhùn New York ti ọdún 1958, èyí tó ń jẹ́ kí ilé ẹjọ́ gba ìdájọ́ ìlàjà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ míì wọlé.

Ní ti bí èèyàn ṣe ń wọlé, ọ̀rọ̀ ò gùn lọ títí. Ẹ wo ẹni tí òfin gbà láyè. Òfin ìdókòwò Gánà ti ọdún 2013 sọ pé àjèjì tó bá fẹ́ máa tajà lásán gbọ́dọ̀ kó mílíọ̀nù kan dọ́là wọlé, kó sì gba ọmọ ilẹ̀ náà ogún síṣẹ́, ó sì fi títajà nínú ọjà àti orí àtẹ sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Ní United Arab Emirates, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àjèjì ò lè ní ju ìdá 49 lọ nínú ilé iṣẹ́ tó bá dá sílẹ̀ sáàárín ìlú, títí dìgbà tí àtúnṣe òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ní ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀, àtẹ tí Transparency International ń gbé jáde látọdún 1995 wúlò, àmọ́ èrò àwọn èèyàn ló ń wọ̀n. Ẹ sì rántí pé òfin ilé yín lè tẹ̀ lé yín débẹ̀: ti Amẹ́ríkà tó ka fífún òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ní rìbá sí ẹ̀ṣẹ̀ ti wà látọdún 1977.

Kí lẹni tí ò lówó láti gba àwọn olùṣèwádìí lè ṣe? Ó lè ṣe púpọ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà HS ọjà rẹ̀. Gbogbo ọjà tó ń gba ibodè kọjá ní nọ́ńbà yìí, díjíìtì mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì bára mu ní orílẹ̀-èdè tó lé ní igba. Ká ní ọṣẹ lẹ̀ ń ṣe. 3401 ni ìsọ̀rí tó wà, àwọn díjíìtì tó tẹ̀ lé e ló máa sọ bóyá ọṣẹ ìwẹ̀ ni tàbí ọṣẹ míì, owó ibodè tí wọ́n máa gbà lórí ọ̀kan sì lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ gbé nọ́ńbà náà lọ sórí Market Access Map, tí International Trade Centre tó wà ní Geneva ń bójú tó. Ibẹ̀ lẹ máa rí owó ibodè tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà àtàwọn ìwé àṣẹ tó ń béèrè. Ẹ ka ìjábọ̀ tí IMF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó lágbàáyé, máa ń ṣe lórí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ náà, pàápàá ojú ewé tó dá lórí pàṣípààrọ̀ owó. Ẹ ka àyẹ̀wò tí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ṣe lórí òfin ìṣòwò wọn. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kì bọ odò, a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn ọ́n. Ẹ wá alátagbà tó wà nílẹ̀ náà, ẹ fi ẹrù díẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ẹ kọ gbogbo ọjọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tẹ́rù gúnlẹ̀, ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, ọjọ́ tó tà, ọjọ́ tówó wọ báńkì níbẹ̀, ọjọ́ tó dé báńkì yín nílé. Ìwé kékeré yẹn ṣeyebíye lójú mi ju àtẹ orílẹ̀-èdè 190 lọ.

Ẹ má sì bá kìkì àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìjọba ilẹ̀ náà á fi àwọn tó rí ṣe hàn yín, àwọn yẹn náà á sì sọ ibi tó dùn. Ẹ wá ẹnì kan tó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ẹ bá a jókòó, kẹ́ ẹ bi í pé oṣù mélòó ló gbà á láti ti ilé iṣẹ́ náà pa lábẹ́ òfin, iye tó san fún àwọn òṣìṣẹ́ tó dá dúró, bóyá àwọn agbowó orí fún un ní ìwé pé kò jẹ gbèsè, àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ tó kù síbẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, bó bá ti dé.